Orúkọ Lára Òkúta

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ènìyàn bá kú sójú ogun, tí wọn kò gbé òkú rẹ̀ wálé, kí ló kù nínú rẹ̀ fún àwọn ará ilé? Orúkọ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín. N kò dé ibẹ̀ rí o. Inú ìwé ni mo ti kà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Mells ni abúlé náà ń jẹ́, agbègbè Somerset ló wà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Jámánì, bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Mells lọ jà bíi ti àwọn abúlé yòókù. Ọ̀pọ̀ kò padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti pàṣẹ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé òkú wálé; òkè òkun tí kálukú kú sí ni wọn yóò sin ín sí. Olówó ò lè fi owó yí i padà. Nítorí náà ni àwọn abúlé fi ń kọ́ òkúta ìrántí, kí ìyá tí ibojì ọmọ rẹ̀ jìnnà lè rí ibi gbé òdòdó sí.

Edwin Lutyens, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń ya àwòrán ilé nígbà náà, ni Mells gbé iṣẹ́ náà fún. Òun náà ló ya àwòrán Cenotaph tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe àlejò ní Mells, ọ̀rẹ́ ìdílé Horner àti ìdílé Asquith ni. Ìdílé méjèèjì ló sì pàdánù ọmọ. Raymond Asquith, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, kú ní Somme ní oṣù Kẹsàn-án 1916. Edward Horner kú ní oṣù Kọkànlá 1917.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òpó òkúta mábù kan ló dúró gbọnrangandan. Ère Jọ́ọ̀jì Mímọ́ tó ń pa dírágónì wà lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ òpó ni wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn olóògbé sí. Ògiri wà lọ́tùn-ún lósì, òkúta àdúgbò yẹn náà ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì ṣe bẹ́ǹṣì òkúta mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà 1921, Ọ̀gágun Arthur Asquith ló ṣí i. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hítílà, wọ́n tún fi orúkọ mìíràn kún un.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ kì í ṣe dírágónì. Ọmọ olórí ìjọba àti ọmọ mẹ̀kúnnù ni wọ́n jọ kọ sára òkúta kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yẹn kan náà, ère Edward Horner wà lórí ẹṣin, Alfred Munnings ló ṣe é. Raymond náà ní ìrántí tirẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò ṣe ère ẹlẹ́ṣin fún ọmọ mẹ̀kúnnù? Síbẹ̀, ó ní orúkọ lójú títì. Ẹni tó bá ń kọjá lè pè é.

Lutyens yìí kan náà wà lára àwọn olórí ayàwòrán fún àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1917 láti bójú tó ibojì àwọn tó kú sógun ní gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Òfin àjọ náà ni pé ọlá kan náà ni fún gbogbo òkú, ọ̀gá ì báà ṣe tàbí kúrúùtù. Ní Yúróòpù, wọ́n gbìyànjú. Ní Áfíríkà ńkọ́? Lọ́dún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé, ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Ó ní iye náà lè tó 350,000. Ère sójà àti aláàárù wà ní Nairobi, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Àbúrò bàbá ńlá wa kan bá àwọn òyìnbó ru ẹrù lọ sí Kamẹrúùnù nígbà ogun Jámánì, kò sì padà. Ìyá àgbà mi ló sọ fún mi. Mo ní, "Màmá, kí lorúkọ wọn gan-an?" Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Aláàárù Òyìnbó la gbọ́ tí wọ́n ń pè é." Ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Iṣẹ́ tó pa á ni.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá máa ń fọ́nnu pé a ò nílò òkúta, pé ẹnu la fi ń ṣèrántí. Ó dáa. Òyìnbó ò kọ orúkọ rẹ̀. Ẹnu tiwa náà gbàgbé rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ wa ń bẹ, a sì ń kì í. Ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń jí i láàárọ̀, Àjàní ni o, Àkànní ni o, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní họlidé tó kọjá, mo tún lọ bi àwọn àgbà ilé. Ẹnì kan ní Àlàó ni. Ẹlòmíràn ní rárá, Àkàndé ni. Mo kọ méjèèjì sínú ìwé mi. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá délé, ẹ béèrè orúkọ àwọn tí kò padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún.