Ìbòrí Sàléńsà àti Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Èrò

Lára alùpùpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, páànù kan máa ń bo ara sàléńsà. Ó tẹ̀ bí ọparun tí wọ́n là sí méjì, skúrù méjì tàbí mẹ́ta ló dè é, wọ́n sì fi wọ́ṣà sábẹ́ skúrù náà kí páànù má baà kan páìpù. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ìbú ìka, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà, torí afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé ooru kọjá. Páìpù tó jáde láti ẹnu ẹ́ńjìnnì lè gbóná ju 200°C lọ; ohun tó gbóná tó 70°C péré ti tó láti jó awọ ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára ọ̀kadà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, páànù yìí sábà máa ń ti kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àìbìkítà ọlọ́kadà ló ṣí i. Ohun tí èmi rí nínú ìtàn yàtọ̀: ọ̀nà tí owó fi ń wọlé lára alùpùpù ló ṣí i. Ohun tí àìsí rẹ̀ kò bá dá iṣẹ́ dúró, kò sẹ́ni tó ń rà á padà.

Kì í ṣe torí èrò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe alùpùpù. Nígbà tí Honda gbé alùpùpù Super Cub jáde ní 1958, ẹni tó fẹ́ gbé ara rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, tàbí tó fẹ́ fi gbé ẹrù ọjà kékeré, ni wọ́n ní lọ́kàn. Nílẹ̀ wa nígbà náà, tíṣà, nọ́ọ̀sì, wolé-wolé àti akọ̀wé ló ń gùn ún, ẹni tó ń gùn ún náà ló sì ń nù ún láàárọ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, ọwọ́ kò sì tó ọkọ̀ tuntun mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Orúkọ Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n yá fún un, torí pé ó ń gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá bí ẹni ń fò.

Ọjọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà so mọ́ ọ̀kadà: ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Títí di ọjọ́ náà, apá òsì títì la ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní Jàpáànì àti Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ alùpùpù wa ti ṣẹ̀ wá, apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà. Sàléńsà Super Cub, ti Suzuki AX100 àti ti Bajaj Boxer, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Tokyo tàbí Mumbai, òsì ni etí títì wà sí i, ó jìnnà sí iná. Ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn tàbí Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ọ̀tún ni etí títì wà, níbi tí páìpù wà gan-an. Èrò tó ń kánjú, tó di ẹrù mọ́ra, ibẹ̀ ni yóò sọ̀ sí: ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ kanlẹ̀, ẹran inú ojúgun á sì fara ti sàléńsà. Ilẹ̀ Gíríìsì náà ń gba apá ọ̀tún. Ìwádìí tí àwọn dókítà ibẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé ẹsẹ̀ ọ̀tún, nísàlẹ̀ orúnkún, ni sàléńsà ti ń jó ènìyàn jù, àti pé ìgbà tí wọ́n bá ń gùn tàbí tí wọ́n bá ń sọ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kó tó di 1986, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, torí olówó máṣíìnì mọ ibi tó ń gbóná. Èrò tó gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi mẹkáníìkì. AX100, àti Jincheng tó tẹ̀ lé e, irú ẹ́ńjìnnì tó ń jó òróró pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù ni. Èéfín òróró náà máa ń dì mọ́ inú sàléńsà bí èédú, títí máṣíìnì kò fi ní lè fà mọ́. Mẹkáníìkì á tú u, á fi iná jó inú rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n, á sì dè é padà. Bí skúrù ìbòrí bá ti dógùn-ún, yóò kán. Páànù á bọ́ sílẹ̀, máṣíìnì á sì padà sójú ọ̀nà láìsí i lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń dá owó ojúmọ́ fún olówó máṣíìnì kò lè fi wákàtí kan wá páànù tí kò ní mú èrò kan kún èrò. Díńgí ẹ̀gbẹ́, àti ìbòrí ṣéènì tí kì í jẹ́ kí ìró obìnrin há, ọ̀nà kan náà ni wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi kún un. Wẹ́dà jó irin síwájú kí ẹ́ńjìnnì má baà fọ́ bí ó bá ṣubú; ó jó irin ìgbẹ́rù sẹ́yìn; wọ́n fa ìjókòó gùn kí ó lè gba èrò méjì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé òṣì nìkan ló fà á. Irin wà, iná wẹ́dà wà, owó díẹ̀ sì wà. Ohun tó ń dáàbò bo máṣíìnì ni wọ́n ná an lé. Èyí tó ń dáàbò bo èrò ló bọ́.

Àwọn ọlọ́kadà kan á ní ooru ilẹ̀ wa pọ̀, pé bí páànù náà bá kúrò, ẹ́ńjìnnì á tutù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ ẹni tó wà lórí máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Awẹ́ irin wẹ́wẹ́ tó yí orí ẹ́ńjìnnì ká ni afẹ́fẹ́ ń gbà mú un tutù. Ooru tó ti dé inú sàléńsà ti jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ kan wà nínú ẹjọ́ wọn: páànù tó bá ti tú díẹ̀ máa ń dún gbàràgbàrà, ẹrẹ̀ sì máa ń há sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Skúrù tuntun àti omi ni ìyẹn ń fẹ́. Àwọn mìíràn ní kí èrò máa sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ọkọ̀ ti ń sáré kọjá. Kò yẹ kí ọmọ iléèwé tó wọ níkà, tàbí ìyá tó pọn ọmọ, máa yàn láàárín iná àti dánfó.

Òfin pàápàá kò wo ìbòrí yìí. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2009 ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti fi dandan mú akoto, ó sì dára, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Òfin Èkó ti 2012, 2020 àti 2022 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì, ṣùgbọ́n wọn kò tún ọ̀kadà kankan ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin mẹkáníìkì ni mo ń bẹ̀, àti ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀: bí ẹ bá tú sàléńsà, ẹ má jẹ́ kí máṣíìnì jáde láìsí ìbòrí. Bí ti ilé iṣẹ́ bá ti sọnù, ẹ ní kí wẹ́dà gé òmíràn, kí ó fi wọ́ṣà gbé e kúrò lára páìpù, kí ó sì dè é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí èrò ti ń sọ̀.