Ta Ló Ni Igi Tí Àwọn Ọmọ Wa Gbìn?

Ẹ̀yin ọmọ Àgbàdo nílé lóko! Láìpẹ́ yìí, ẹnìkan gbé fọ́tò kan sórí group wa: àwọn ọmọ kéékèèké nínú yunifọ́ọ̀mù, oníkálukú di igi kékeré mú nínú ọ̀rá dúdú. Gbogbo wa la ṣe "Áàmín", a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: igi tí ẹ̀yin gbìn nígbà tí ẹ wà ní pámárì, ó dà?

Tèmi ti kú. Tíṣà kó gbogbo kíláàsì wa jáde, a gbẹ́ ihò mẹ́fà, a gbin igi mẹ́fà fún ọmọ bí ogójì. Ta ló ni èwo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kó tó di January, ewúrẹ́ ti jẹ mẹ́rin, ọ̀gbẹlẹ̀ sì pa méjì tó kù. Igi kan ṣoṣo tó ṣe wá lóore nínú ọgbà náà ni fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalángá. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣá a. Àwa la ń jẹ èso rẹ̀, àwa náà la ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, igi ní olúwa. Ní ọ̀pọ̀ agboolé, ibi tí wọ́n bá sin ìwọ́ ọmọ tuntun sí, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbọn síbẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́n díẹ̀, wọ́n á fi hàn án pé igi rẹ rèé. Ẹ̀gbọ́n ò lè dédé lọ ká a láìtọrọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Kí ilé tó kún gbogbo ilẹ̀, oko ni. Ní nǹkan bí ọdún 1880, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tí wọ́n bí ní Sàró, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjan, lápá Agége. Nígbà tó yá, Jacob Kehinde Coker ti Ìfàkọ̀ àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọn kó èso kòkó lọ sílé, bí kòkó ṣe dé ọ̀pọ̀ ìlú lókè nìyẹn. Obì Agége náà tẹ̀lé e, ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sílẹ̀ Hausa.

Nínú àṣà Yorùbá, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnìkan, kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àlejò tó gba ilẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ onílẹ̀, torí igi kì í ṣí kúrò. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa wá ká a. (Ẹ ò rí i, orúkọ ohun tí àlejò lè gbìn ni ìlú wa ń jẹ́!)

Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa lónìí. Nígbà ìkànìyàn 2006, Alímọ̀ṣọ́ ti lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn, a sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Inú ilé àyágbé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà. Bí tíṣà bá ní kí ọmọ gbé igi lọ sílé, ibo ló máa gbìn ín sí? Kọnkéré ti gba kọ́mpáàndì, lándílọ́ọ̀dù ò sì ní gbà. Òfin àtijọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀.

Ìjọba Èkó gbìyànjú o. July 14, 2008 ni Gómìnà Babatunde Fashola bẹ̀rẹ̀ ètò igi gbíngbìn, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Wọ́n dá ẹgbẹ́ climate change sílẹ̀ láwọn ilé ìwé, LASPARK náà dé lábẹ́ òfin 2011. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ní July 14, tẹ́ẹ̀mù kẹta ti ń parí lọ. Láìpẹ́, ilé ìwé á tì di September, òjò á sinmi díẹ̀ ní August, igi tí ọmọ ọdún mẹ́fà gbìn á wá ku òun nìkan pẹ̀lú ewúrẹ́ àdúgbò. Lójú tèmi, ìwọlé September ló dáa jù. Òjò ṣì máa rọ̀ títí October, àwọn ọmọ á sì wà nítòsí títí Kérésì. Láti December dé March ni iṣẹ́ wà. Bọ́tìlì omi kan láàárọ̀, ọmọdé lè ṣe é, bó bá mọ̀ pé òun ló ni ín.

Wangari Maathai ti Kenya mọ àṣírí yìí. Nínú Green Belt Movement tó dá sílẹ̀ ní 1977, owó díẹ̀ tí wọ́n ń san fún àwọn obìnrin abúlé, orí igi tó bá yè ni wọ́n ń san án lé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ìtàn rẹ̀ ni Felix Finkbeiner, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Jámánì, sọ fún kíláàsì rẹ̀ ní 2007, tó ní kí àwọn ọmọdé náà máa gbin igi. Ọgbà ilé ìwé tirẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń gbé wá síwájú ìpàdé wa ò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa wá ilẹ̀ kékeré kan, ká kọ ọ́ sínú ìwé pé igi orí rẹ̀, ti àwọn ọmọ ni, kí ẹnikẹ́ni má wá hú u lọ́la. Ká fi ogún ọmọ bẹ̀rẹ̀, ti onílé, ti ayálégbé. Ọmọ kan, igi kan, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ká yan èyí tí wọ́n máa rí jẹ: mángòrò, ọsàn, fúrúùtù. (Àgbálùmọ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọmọ lè ti wọ yunifásítì kó tó so.) Bí òbí ọmọ bá kó kúrò ládùúgbò, kó fa igi rẹ̀ lé ọmọ mìíràn lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ká má ya fọ́tò lọ́jọ́ tí a bá gbìn ín. Ká yà á ní March. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó lè yọ̀ǹda, ì báà má tó púlọ́ọ̀tì kan, kó pe akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó tó.