Eégbọn Etí Ajá Ọdẹ

Ní ọdún 2003, bàbá mi ra ọmọ ajá òyìnbó kan ní Àkúrẹ́, Alsatian gidi, ó sì gbé e gba ọ̀nà Ọ̀wẹnà wá sílé wa ní Oǹdó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ajá náà fi kú. Ó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ gbóná, èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti dákẹ́.

Bàbá mi ní májèlé ni. Bàbá ọdẹ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ló fura sí, nítorí pé ọmọ kan rí i tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ajá náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àti pé ajá tirẹ̀ mẹ́rin, tí eégbọn kún etí wọn, ń sáré kiri láìsí ohun tó ṣe wọ́n. "Kí ló dé tó jẹ́ tèmi nìkan ló kú?" Bàbá ọdẹ fi irin búra. Ní Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún, ìbúra Ògún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àmọ́ bàbá mi ò gbà. Títí bàbá ọdẹ fi kú, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ti béèrè irú ìbéèrè yẹn rí. Láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń da màlúù láti Texas lọ sí àríwá. Ara màlúù Texas le koko, ṣùgbọ́n màlúù àríwá tó bá jẹko níbi tí wọ́n gbà kọjá á máa tọ ìtọ̀ pupa, á sì kú. Àwọn darandaran ní eégbọn ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní 1889, Theobald Smith àti F. L. Kilborne tí wọ́n ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n fọwọ́ ṣa eégbọn ara màlúù gúúsù tán, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ ti àríwá: kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá da eégbọn nìkan sínú pápá, láìsí màlúù gúúsù kankan níbẹ̀: màlúù àríwá ṣàìsàn. Wọ́n tẹ ìwé wọn jáde ní 1893, ọdún mẹ́rin kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Eégbọn ló ṣáájú ẹ̀fọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn ló gba òkìkí.

Kí ló dé tí màlúù gúúsù ò kú? Eégbọn ti ń jẹ wọ́n láti kékeré, ẹ̀jẹ̀ wọn ti mọ kòkòrò náà. Ó ń gbé lára wọn láìpa wọ́n, eégbọn sì ń mu ún lọ fún ẹlòmíì. Babesia ni wọ́n ń pe kòkòrò náà, orúkọ Babeș ará Romania tó rí i nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní 1888.

Ní 1895, Piana àti Galli-Valerio rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ajá ní Ítálì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Charles Lounsbury, onímọ̀ kòkòrò fún ìjọba Cape ní Gúúsù Áfíríkà, ló wù mí jù. Ní nǹkan bí 1901, ó jẹ́ kí eégbọn mu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń ṣàìsàn, kí ó yé ẹyin. Ó kó àwọn ọmọ tó pa sára ajá tó le: kò sí nǹkan kan. Wọ́n bọ́ awọ, wọ́n tún mu ẹ̀jẹ̀: kò sí nǹkan kan. Wọ́n bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n di àgbà, wọ́n mu ẹ̀jẹ̀: ajá ṣàìsàn. Sọ́fítíwia ni mò ń kọ jẹun, mo mọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, èyí tí ẹnì kan gbìn sílẹ̀ tipẹ́ tí kò ní fara hàn títí dìgbà kẹta. Ká ní Lounsbury dúró níbi ìkejì ni, ì bá dá eégbọn láre.

Àwọn olùwádìí ti rí irú kòkòrò Gúúsù Áfíríkà yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ajá ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ehrlichia wà, tí Donatien àti Lestoquard rí ní Àlùjíríà ní 1935. Hepatozoon wà, tí ajá fúnra rẹ̀ ń kó nígbà tó bá fi eyín já eégbọn tó sì gbé e mì.

Síbẹ̀, tí èèyàn bá ṣa eégbọn lára ajá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn, tó sì bá kòkòrò nínú rẹ̀, nǹkan méjì ló rí níbì kan náà. Ìyẹn ò tíì sọ pé ọ̀kan ló gbé èkejì wá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà lè ní kòkòrò tí eṣinṣin àrùn oorun gbé wá, tàbí aràn tí ẹ̀fọn gbé wá. "Ó ṣeé ṣe" ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ síbẹ̀.

Òun náà ni mo lè sọ nípa ajá tiwa. Kò sẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, abẹ́ igi ọsàn la sin ín sí. Ṣùgbọ́n ajá ọdẹ tó máa kú ti kú ní kékeré, àwọn tó kù ni màlúù Texas. Inú kéèjì sìmẹ́ńtì ní Àkúrẹ́ ni tiwa ti wá.

Lọ́dún tó kọjá mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún bàbá mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ni pé ajá tirẹ̀ náà ló pa tèmi." Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀gúsí ò gbójú sókè. Ó ní, "Eégbọn ló ń yọ létí ajá yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n rí i. Mo sọ fún yín nígbà náà."