Ọ̀rọ̀ Ta Ni Yóò Ṣẹ? Ìtàn Èdè-Ìperí Eré Akópa

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ni ó fa iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí eré orí tábìlì tí àwọn Faransé ń pè ní jeu de rôle, ó sì ní kí n bá òun wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ohun inú rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo bá ṣì túmọ̀ lè mú kí eré náà bàjẹ́ mọ́ àwọn tí ń ṣe é lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó. Olúkúlùkù á mú ẹ̀dá ìtàn kan, á sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe. Ẹnì kan láàrin wọn á máa ṣàpèjúwe ìlú, igbó àti ọ̀tá tí wọ́n bá pàdé. Bí ohun tí ẹ̀dá kan fẹ́ ṣe bá léwu, wọ́n á da dáìsì bí ẹni ta lúdò.

Eré náà ti wà kí ó tó ní orúkọ. Ní ọdún 1824, Georg von Reisswitz, ọmọ ogun ilẹ̀ Prussia, tẹ òfin eré ogun kan jáde fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun. Adájọ́ wà nínú rẹ̀ tí ń sọ ohun tí ojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rí. Ní 1876, Julius von Verdy du Vernois sọ pé òfin ti pọ̀ jù, pé kí a fi púpọ̀ nínú ìdájọ́ sílẹ̀ fún ìrírí adájọ́. Ìbéèrè náà ti délẹ̀ nìyẹn: ṣé ìwé ni yóò pinnu ni, àbí ènìyàn?

Ní 1969, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, David Wesely ṣètò eré ogun kan tí ó pè ní Braunstein. Dípò kí gbogbo òṣèré máa darí ọmọ ogun, àwọn kan di ènìyàn inú ìlú, bíi olórí ìlú. Dave Arneson wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbé eré tirẹ̀, Blackmoor, jáde. Òun àti Gary Gygax ni wọ́n ṣe Dungeons & Dragons, tí a tẹ̀ ní 1974. Síbẹ̀, òfin eré ogun ni èèpo rẹ̀ pè é. Ẹ̀yìn náà ni orúkọ “eré akópa” tó rinlẹ̀.

Tíọ́rì tẹ̀ lé e. Ní 1980, Glenn Blacow pín ọ̀nà ìṣeré sí mẹ́rin. Ní 1997, àwọn òṣèré kan, Mary Kuhner wà lára wọn, pín ohun tí ènìyàn ń wá sí mẹ́ta: ìdíje, ìtàn, àti ayé tí kò ta ko ara rẹ̀. Ron Edwards tún ìpín mẹ́ta náà ṣe, ó sì ní eré tó bá fẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ní ṣe ọ̀kankan dáadáa. Àwọn kan gbà, àwọn kan bínú. Èyí tó wúlò fún mi jù ni èrò Vincent Baker: ìlànà eré kì í ṣe ìwé òfin nìkan, gbogbo ọ̀nà tí àwọn tó jókòó fi ń fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Èmi ti túmọ̀ maître du jeu sí “ọ̀gá eré”. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin dán an wò, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn di ìtọrọ àyè: “Ọ̀gá, ṣé kí ó wọlé? Ọ̀gá, ṣé ó lè sọ̀rọ̀?” Kò sí ẹni tó dá nǹkan sọ. Orúkọ tí mo fún un ti gba ẹnu wọn.

Ìyẹn ni mo fi padà sí meneur de jeu, orúkọ Faransé kejì, tí mo sì pè é ní “atọ́kùn”. Gbogbo wa mọ atọ́kùn eégún: òun ní í ṣíwájú, kì í sì í bá eégún jó ijó rẹ̀. Ìsìn ni eégún, eré ni tiwa. Iṣẹ́ atọ́kùn nìkan ni mo yá. Nígbà tí a tún jókòó, ọ̀kan ní, “Ẹ̀dá mi ti wọ ọjà.” Èkejì ní, “Ọjà ti tú.” Wọ́n wo atọ́kùn, atọ́kùn sì bi wọ́n pé, “Kí ni ká gbà?” Ibẹ̀ ni èrò Baker ti yé mi.

“Akópa” náà fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí ìkópa tún jẹ́ dídá sí nǹkan. Ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò bá dá sí i kò kó ipa kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èdè-ìperí, ẹ jẹ́ ká máa gbé ọ̀rọ̀ wa jókòó ti àwọn tí yóò lò ó, kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé.