Bí Iṣẹ́ Fọkanáísà Ṣe Gbilẹ̀ Nílẹ̀ Yorùbá

Rọ́bà ti ń ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Ìlú Ọba kí táyà mọ́tò kankan tó ti Ìlú Ọba dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1894, lásìkò tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà Èkó, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba oje rọ́bà wá láti Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n wọ inú igbó wa, wọ́n sì fi han àwọn ará ibẹ̀ pé owó ń bẹ lára oje funfun tó ń ti ara igi ìrè jáde. Làwọn èèyàn bá ya wọ igbó, tàdá tàdá, tagbè tagbè. Lọ́dún 1895 nìkan, rọ́bà tó gba etíkun Èkó jáde lé ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5 lórí ìwọ̀n, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ.

Ìkánjú ló ba ọjà náà jẹ́. Dípò kí wọ́n máa há igi náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè kó sinmi, ṣíṣá ni wọ́n ń ṣá a. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gé e lulẹ̀ pátápátá kí wọ́n lè gba oje rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ igi ti kú, ọjà sì ti dẹnu kọlẹ̀.

Kí ni Òyìnbó ń fi gbogbo rọ́bà yẹn ṣe? Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ló ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní 1839, nígbà tó rí i pé bí wọ́n bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí wọ́n sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú ooru mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Ní nǹkan bí ọdún 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan nílùú Belfast, ṣe táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọdún 1895, ọdún yẹn kan náà tí rọ́bà Èkó lé ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5, ni André Michelin àti Édouard àbúrò rẹ̀ gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tí wọ́n fi díje láti Paris lọ sí Bordeaux àti padà. Táyà wọn jò léraléra lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n parí eré náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà awakọ̀ àti táyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè fún rọ́bà yìí náà ló mú kí àwọn aṣojú Ọba Leopold ti Belgium máa gé ọwọ́ èèyàn ní Kóńgò. Ọjà rọ́bà inú igbó wá ṣubú pátápátá nígbà tí èso rọ́bà tí Henry Wickham kó kúrò ní Brazil ní 1876 di oko ńlá ní Éṣíà.

Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n là láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906. Ilẹ̀ pupa ni, eruku lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lójò. Nígbà yẹn, táyà tín-ín-rín ni, kò sì sí ẹni tí awakọ̀ lè sá tọ̀ lójú ọ̀nà. Bí táyà bá jò, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ọ́, òun ni yóò lẹ̀ ẹ́, òun náà ni yóò fi ọwọ́ fún un ní afẹ́fẹ́. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ fi mọ́tò ṣe òwò, tó ń tà á, tó sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Àgbájé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ẹrù kówó jọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i báyìí ni àwọn kan rí i pé èèyàn lè jókòó sójú kan kó máa fi táyà tó jò jẹun.

Iṣẹ́ yẹn ni fọkanáísà. Ìgbà tí bọ̀lẹ̀kájà gba ojú ọ̀nà ló rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Pákó ni wọ́n fi kan ara bọ̀lẹ̀kájà, igi ni ìjókòó rẹ̀, èrò àti ẹrù sì máa ń kún un dé ẹnu. Ọmọ ọkọ̀ á rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú igi wéèjì lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá rẹ̀ lórí òkè, á fò sílẹ̀, á sì fi í ti táyà kó má baà yí padà. Ẹrù àpọ̀jù, ọ̀nà olókùúta àti táyà tó ti gbó: ohun mẹ́ta yìí ló ń bọ́ fọkanáísà.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Á fi irin pẹlẹbẹ méjì yọ táyà kúrò lára rímù, á fa túùbù jáde, á fẹ́ ẹ, á sì tì í bọ inú omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ìṣó ti wọlé. Á ha ojú ibẹ̀ mọ́, á gbé rọ́bà tí iná kò tíì kàn lé e, á wá dè é pinpin sábẹ́ písítìn àlòkù. Inú písítìn yẹn ni yóò bu epo bẹntiróò díẹ̀ sí, tí yóò ṣáná sí i. Kí iná tó kú, rọ́bà tuntun àti túùbù á ti di ọ̀kan. Ohun tí Goodyear fi ooru ṣe náà ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi odán lẹ́bàá títì. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́ ọ fún ọdún bíi mélòó kan, á gba òmìnira, á sì lọ gbé táyà àlòkù kan nàró sí ìkóríta mìíràn. Bí oníbàárà bá rí táyà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ̀wé sí lára, ó ti mọ ibi tó dé.

Lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà, táyà wá di ohun tí à ń ṣe nílé. Iléeṣẹ́ Dunlop bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní àárín ọdún 1960 sí 1965, Michelin náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Port Harcourt. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ ológeere tẹ́lẹ̀ ra Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá.

Nígbà tó di 1978, wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ìṣòro táyà ti yí àwọ̀ padà. Lójú ọ̀nà olókùúta, táyà a máa jò pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, ọkọ̀ a dúró, èrò a sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi. Lójú ọ̀nà tó dán, tí eré ti wọ̀, bíbẹ́ ló ń bẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ló ń fa bíbẹ́, wọ́n a sì ní kí fọkanáísà dín in kù nítorí oòrùn. Àṣìṣe gbáà ni. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa ká, a sì máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Bí èèyàn bá ń ṣẹ́ wáyà síwá sẹ́yìn, ojú ibi tó ń ṣẹ́ á gbóná títí yóò fi já. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn ṣe ń gbóná títí okùn inú rẹ̀ á fi tú. Ẹrù àpọ̀jù ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, táyà wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Táyà tí kò lo túùbù ti gbòde báyìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí písítìn oníná máa kógbá wọlé. Fọkanáísà òde òní á da omi ọṣẹ sára táyà, á rí ibi tó ń hó, á fa ìṣó yọ, á sì fi okùn rọ́bà dí i láìyọ táyà rárá. Ó yá, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni okùn yẹn wà fún. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó bá lu, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni tún un lò.

Ìyípadà tó burú jù wá ní 2007 àti 2008. Michelin dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Port Harcourt, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Iná mànàmáná tí kò ṣeé gbára lé àti owó ibodè tí ìjọba dín kù lórí táyà òkèèrè ló pa wọ́n lára. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti wọ orílẹ̀-èdè wá la ń rà, tòkunbọ̀ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó jin, kó máa dán gbinrin, kó sì jẹ́ pé rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Ní oṣù kẹta 2016, James Ocholi, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. FRSC ní eré àsápajù àti táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ ló fa ìjàǹbá náà. Bó bá lè ṣe mínísítà bẹ́ẹ̀, oní-dánfó ńkọ́?

Fọkanáísà tó gbọ́n lè ka ìtàn ọkọ̀ lára táyà. Bí etí méjèèjì bá jẹ tán tí àárín kù, afẹ́fẹ́ kì í tó. Bó bá jẹ́ àárín ló jẹ, afẹ́fẹ́ ti ń pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gún, ó yẹ kí wọ́n lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì. Bí ṣíárìn bá ń gbọ̀n lórí eré, kí wọ́n yẹ báláǹsì wò, tàbí kí wọ́n wò ó bóyá kòtò ti tẹ rímù. Nọ́ọ̀tì táyà náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í: bí wọ́n bá di ọ̀kan, kí wọ́n bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí rímù lè jókòó dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ ra táyà lónìí, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, kó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ han òun kí fọkanáísà tó dè é mọ́ ọkọ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009. Kó wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí táyà ṣì tutù, kó tẹ̀ lé iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ níbi awakọ̀, kó má sì gbàgbé ẹ́sítírà tó wà nínú búùtù.