Edé, Ìsédò Ọ̀yán àti Ọ̀rọ̀ Owó

Edé ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ òní. Ní ọjà Ìkọ̀tún, ní Alímọ̀ṣọ́ tí mò ń gbé, mo rí edé odò kan tó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá mi. Níbo ni wọ́n ti kó èyí wá?"

"Ọ̀sà ni, bọ̀ọ̀dá. Ẹ tètè rà á kó tó tán."

Òótọ́ ni ìyá sọ, ṣùgbọ́n ọ̀sà nìkan kọ́ ni ilé edé yìí. Arìnrìn-àjò ni. Ìyá edé a sọ̀kalẹ̀ láti inú omi dídùn lọ síbi tí odò ti pàdé omi iyọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń dàgbà, kí wọ́n tó tún gun odò padà sókè. Bí a bá sé odò láàárín, ìrìn àjò ti pin nìyẹn.

Àwọn baba wa náà a máa sé odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a fi ẹrẹ̀ àti igi dínà odò kékeré, wọn a gbọ́n omi rẹ̀, wọn a kó ẹja. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò wó ìsé náà, láìgba kọ́bọ̀. (Ẹ ṣàkíyèsí pé "sé" yìí náà ló wà nínú "sé ènìyàn mọ́lé".)

Ìsédò Ọ̀yán kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i, nítòsí Abẹ́òkúta, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọnú odò Ògùn. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti Adìyán ń fà ní Akútè fún àwa ará Èkó. Omi tó dúró sojú kan jẹ́ ibùgbé ìgbín. Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi rí i pé ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, àrùn tí kòkòrò inú ìgbín omi ń fà, gbilẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé tí wọ́n tún tẹ̀ dó sí etí adágún náà.

Kí ló kan edé? Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n parí ìsédò Diama ní 1986, ó sì dínà mọ́ irú edé yìí gan-an. Edé a máa jẹ ìgbín. Ní 1988, oríṣi àrùn ìgbín tí a kò mọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Richard-Toll. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dá edé padà sínú odò ní abúlé Lampsar, ìgbín tó ní kòkòrò dín kù, ẹyin kòkòrò lára àwọn ènìyàn sì fi nǹkan bí ìdajì kéré sí ti abúlé kejì. Wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde ní 2015.

Ní Amẹ́ríkà, wíwó ni wọ́n wó tiwọn. Àwọn ẹ̀yà Yurok àti Karuk jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wó ìsédò mẹ́rin lórí odò Klamath ní 2023 àti 2024. Mílíọ̀nù 450 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀: 200 láti ọwọ́ àwọn tó ń san owó iná, 250 láti inú owó omi tí àwọn ará California dìbò fún ní 2014. Ní oṣù kẹwàá 2024, ẹja sámọ́nì ti gun odò náà dé Oregon.

Èmi kò ní kí a wó Ọ̀yán. Àwa tí ń mu omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n a lè la ọ̀nà fún edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsédò, tàbí kí a máa sin ín, kí a sì dà á sínú adágún. Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà nínú ìwé ìnáwó kan náà tí a ń kọ owó oògùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí.