Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Mí: Ìtàn Páìpù Kan Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ékòó ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Honda Civic tòkunbọ̀, láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní, "Ìwọ, wá wo nǹkan." Níbi tó yẹ kí àpótí dúdú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà, páìpù irin gígùn kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin, ó gba ẹ̀gbẹ́ bátìrì sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn bọ́ńpà. Asẹ́ pupa ṣóńṣó kan wà ní ìdí rẹ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní tọ́bò ni. Èkejì ní wọ́n ti jí ojúlówó páàtì ọkọ̀ náà lọ ni. Kò sí èyí tó gbà á nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n wá bi mí: "Ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?" Kí n tó lè dáhùn, mo ní láti mọ ibi tí nǹkan náà ti wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Epo nìkan kọ́ o. Kí kílò 1 epo bẹntiróòlù tó jóná dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7. Afẹ́fẹ́ tútù sì ki ju èyí tó gbóná lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun lágbára sí i á wá bí afẹ́fẹ́ ṣe máa rọ́nà wọlé fàlàlà, tí á sì tutù.

Àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California tètè mọ èyí. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n máa ń gbé ògbólógbòó Ford lọ sórí adágún gbígbẹ kan tó ń jẹ́ Muroc, kí wọ́n lè mọ ta ló yára jù. Ní 1937, àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ dá àjọ Southern California Timing Association sílẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, àwọn ọmọ ogun padà sílé, àwọn náà dá sí i. Ní oṣù kìíní 1948, ìwé ìròyìn Hot Rod jáde. Púpọ̀ nínú wọn ò lówó ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n eruku kì í ṣeré. Bó bá ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó máa ń ha irin bíi yanrìn. Àwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú aṣálẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ní Riverside, ní California kan náà, Ken Johnson àti Norm McDonald tí wọ́n ń ta alùpùpù fi òwú tí wọ́n rẹ sínú òróró ṣe asẹ́, wọ́n fi àwọ̀n irin há a láàárín. Eruku á lẹ̀ mọ́ òróró, afẹ́fẹ́ á kọjá. Tó bá dọ̀tí, èèyàn á fọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ wọn, K&N, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ìran asẹ́ yẹn ni ti pupa tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Níbi tí àwọn kan ti ń wá bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa mí, àwọn èèyàn ò rí mí mọ́. Ní oṣù keje 1943, èéfín bo Los Angeles débi pé àwọn kan rò pé ọ̀tá ló da gáàsì olóró lù wọ́n. Ó tó ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 kí onímọ̀ kẹ́míkà kan, Arie Haagen-Smit, tó fi hàn pé oòrùn ló ń sọ èéfín ọkọ̀ àti ti iléeṣẹ́ epo di májèlé yẹn. Ní 1967, California dá California Air Resources Board sílẹ̀. Lábẹ́ òfin wọn, páàtì tó bá máa yí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí padà gbọ́dọ̀ yege ìdánwò èéfín kó tó lè rìn lójú pópó. Èyí tó bá yege á gba nọ́ńbà, wọ́n á lẹ sítíkà rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo wá a nínú Civic ẹ̀gbọ́n. Ó wà níbẹ̀, ó ti ṣá.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, Honda kéékèèké gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ California. Sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, kọ̀ǹpútà á sì wọn epo tó bá a mu. Èyí ló sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ojúde ilé. O ò nílò wẹ́dà. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, yọ wáyà bátìrì, tú àpótí dúdú, fa sẹ́ńsọ̀ yọ jẹ́jẹ́, kì í bọ inú páìpù tuntun, kí o sì fún gbogbo òrùka tó di rọ́bà mú pinpin. Tí ọ̀kan bá dẹ̀, afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ nípa rẹ̀ lè yọ́ wọlé, iná sì lè tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí fíìmù The Fast and the Furious jáde ní 2001, gbogbo ayé ti mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, àwọn tó ṣe àpótí dúdú yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ṣe é kí ariwo lè dínkù, kí eruku má sì ráàyè. Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sókè, kí omi má bàa dé ibẹ̀. Lórí Civic tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, agbára tí páìpù ń fi kún un ò tó nǹkan. Ariwo ló pọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ló parí ẹjọ́. Afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi sọ asẹ́ náà kalẹ̀ sẹ́yìn bọ́ńpà. Ó dáa ní aṣálẹ̀ California. Àdúgbò ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Tí òjò bá fi wákàtí kan rọ̀, omi ti dé orókùn. Píṣítìnì lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kò lè fún omi pọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu, irin inú rẹ̀ lè tẹ̀, owó ẹ́ńjìnnì mìíràn nìyẹn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́. A rí àpótí dúdú kan rà ní Ladipo. Lọ́jọ́ Sátidé, a mú sípánà, a jókòó síwájú ilé, kò tó wákàtí méjì tá a fi parí. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ California yẹn láti dè é ló jẹ́ kó rọrùn fún wa láti tú u. Ẹ̀gbọ́n ò ju páìpù náà nù ṣá. Ó wà nínú yàrá, wọ́n ní ó ń dán.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa mí dáadáa.